Owó tó pẹ́ kó tó wọlé: ohun tó ń da oorun mọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó níṣẹ́ lójú

Tí wọ́n bá ní ọ̀rọ̀ owó ń da àwọn ọ̀dọ́ láàmú, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn ni pé iṣẹ́ ò sí. Òótọ́ ni pé iṣẹ́ ò pọ̀. Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé, ìyẹn ILO, ṣírò rẹ̀ pé lọ́dún 2023, ọ̀dọ́ mílíọ̀nù 64.9 tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 15 sí 24 ló ń wáṣẹ́ tí wọn ò rí. Ìdá 13 nínú 100 nìyẹn. Àmọ́ ìdá 13 yìí gan-an ló kéré jù láti ọdún 15 sẹ́yìn. Tí àìríṣẹ́ṣe bá wá ń dín kù, kí ló dé tí àwọn tó ti ríṣẹ́ ò rí oorun sùn?

Ohun tó wà nídìí rẹ̀ ni pé kì í ṣe kíkéré owó nìkan ló ń fa másùnmáwo. Àìmọ ọjọ́ tí owó máa wọlé, àti iye tó máa jẹ́ tó bá wọlé, ló máa ń le jù. Owó ilé ní ọjọ́ tirẹ̀. Owó iná ní ọjọ́ tirẹ̀. Gbèsè ní ọjọ́ tirẹ̀, kì í sì í yẹ̀. Owó iṣẹ́ ló ń yẹ̀. Àlàfo tó wà láàárín ọjọ́ tí owó yẹ kó jáde àti ọjọ́ tó wọlé ni gbogbo wàhálà yìí ti ń bẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan ti wọn àlàfo náà. Jonathan Morduch àti Rachel Schneider léwájú ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà níbi tí wọ́n ti tọpa owó àwọn ìdílé 235 fún ọdún kan gbáko, tí wọ́n ń kọ gbogbo ohun tó wọlé àtohun tó jáde sílẹ̀. Nínú oṣù 12, nǹkan bí oṣù márùn-ún ni owó tó ń wọlé fi ju ìdá 25 nínú 100 lé tàbí dín sí àròpín owó oṣù wọn. Ẹni tó bá wo àpapọ̀ owó ọdún wọn á ní wọ́n ń gbìyànjú. Ẹni tó bá wo oṣù kọ̀ọ̀kan á rí ìdí tí wọ́n fi ń yáwó.

Àwọn méjì mìíràn, Daniel Schneider àti Kristen Harknett, wo àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtajà àti ilé oúnjẹ ńláńlá ní orílẹ̀-èdè yẹn kan náà. Ìwé wọn jáde lọ́dún 2019. Ohun tí wọ́n rí ni pé owó kékeré ní ọwọ́ nínú ìdààmú ọkàn àti àìsùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n àkókò iṣẹ́ tí kò dúró sójú kan ní ọwọ́ nínú rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Kí wọ́n pè ọ́ lálẹ́ pé kó o wá láàárọ̀, kí o dé ibẹ̀ kí wọ́n ní kó o máa lọ sílé torí èrò ò pọ̀: èyí ń jẹni nínú ju pé owó wákàtí kan kéré lọ.

Àwọn ọ̀dọ́ lọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni wọ́n ń fún ní àdéhùn iṣẹ́ oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Òun ni wọ́n ń pè nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀, òun náà ni wọ́n ń kọ́kọ́ dá dúró tí ọjà bá dá. Kò tíì ní owó ìpamọ́ tó lè gbé e dúró. Báńkì ò tíì mọ̀ ọ́n, torí náà èlé tirẹ̀ ló máa ń ga. Kò sì tíì pẹ́ níbi iṣẹ́ débi tó fi lè yọjú sí ọ̀gá pé owó òun ò tíì dé.

Àsìkò téèyàn bọ́ sẹ́nu iṣẹ́ náà ń ká a lọ́wọ́ kò. Philip Oreopoulos, Till von Wachter àti Andrew Heisz yẹ owó iṣẹ́ àwọn ọkùnrin tó jáde ní yunifásítì ní Kánádà wò. Ẹni tó jáde nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀, owó tirẹ̀ ń fi nǹkan bí ìdá 9 nínú 100 dín sí ti ẹni tó jáde nígbà tó dáa. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ó máa ń ku nǹkan bí ìdajì. Ó ń gbà tó ọdún 10 kó tó tán. Ohun tó ń tètè tún un ṣe ni kéèyàn kúrò níléeṣẹ́ tí kò sanwó dáadáa lọ síbi tí wọ́n ti ń san án. Ìyẹn ni pé àwọn àgbà tó ń sọ fún ọmọ ọdún 24 pé kó fara balẹ̀ síbi tó wà nírú àkókò bẹ́ẹ̀, wọ́n lè máa fi ìmọ̀ràn rere dá a dúró sínú ìyà.

Gbèsè ọjọ́ 14

Ká ní owó oṣù ẹnì kan máa ń wọlé lọ́jọ́ 28, owó ilé rẹ̀ sì ń bọ́ sí ọjọ́ 1. Lóṣù yìí, ẹni tó ń buwọ́ lùwé owó rìnrìn àjò. Owó di ọjọ́ 5. Onílé ò mọ ìyẹn. Òṣìṣẹ́ náà ṣí áàpù ayánilówó kan lórí fóònù, ó tọrọ owó 100 (ìyekíye owó tí wọ́n ń ná nílẹ̀ yín, ìṣirò kan náà ni). Áàpù kọ́kọ́ yọ 15, wọ́n ní owó iṣẹ́ àwọn ni. 85 ló bọ́ sí i lọ́wọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ 14, ó gbọ́dọ̀ dá 100 padà.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín pé èlé 15 nínú 100 nìyẹn. 85 ló yá, 15 ló san lé e: 17.65 nínú 100 ni, ọjọ́ 14 péré sì ni. Ọjọ́ 14 ọ̀nà 26 ló wà nínú ọdún kan. Ẹ fi 26 sọ 17.65 di púpọ̀, ẹ máa rí nǹkan bí 459 nínú 100 lọ́dún. Báńkì tó bá kọ irú èlé bẹ́ẹ̀ sára ògiri rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní wọlé. Àmọ́ ọjọ́ 14 kúrú lójú, 15 kéré lójú.

Ibi tó ti ń di ọ̀fìn ni ìsúnsíwájú. Tí ọjọ́ 14 náà bá pé, owó oṣù ti wọlé, ó ti lọ sórí nǹkan mìíràn. Áàpù ní kò burú, kó san 15, àwọn á fi ọjọ́ 14 mìíràn kún un. 15 yẹn ò kan ojú owó rárá. Tó bá sún un síwájú báyìí lẹ́ẹ̀mẹ́fà, ó di ọjọ́ 84: ó ti san 90, tá a bá ka 15 tí wọ́n kọ́kọ́ yọ mọ́ ọn, ó di 105. 85 ló gbà. Ó ṣì jẹ 100. Ọ̀pọ̀ ló wá ń ṣí áàpù kejì láti fi san ti àkọ́kọ́, wọ́n á ní àwọn ti bọ́ nínú kan. Gbèsè ti bí gbèsè ni.

Torí náà, ìbéèrè márùn-ún ni kí ẹ bi ayánilówó kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì kankan. Èló ló máa wọ ọwọ́ mi gan-an? Èló ni àròpọ̀ tí mo máa dá padà, lọ́jọ́ wo? Tí mo bá fi ọjọ́ kan ṣoṣo pẹ́, èló ni ìtanràn? Tí mo bá tètè san án, ṣé èlé á dín kù? Tí mo bá sún un síwájú, ṣé ohun tí mo san á yọ nínú ojú owó? Ibi tí wọn ò bá ti lè dáhùn ìkarùn-ún ní gbólóhùn kan, àyàfi tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ oògùn àbí ilé tó fẹ́ bọ́, mi ò mọ ìdí tó fi yẹ kéèyàn yáwó níbẹ̀.

Ohun tó ń ṣe sí orí àti ara

Àwọn kan gbà pé ẹni tí owó ò tó, àìgbọ́n ló jẹ́ kó má tó o. Ìwádìí kan tó jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Science lọ́dún 2013 da ọ̀rọ̀ náà délẹ̀. Anandi Mani, Sendhil Mullainathan, Eldar Shafir àti Jiaying Zhao lọ bá àwọn àgbẹ̀ onírèké 464 ní ìpínlẹ̀ Tamil Nadu ní Íńdíà. Lẹ́yìn ìkórè ni owó ń wọlé fún àwọn àgbẹ̀ yìí. Tó bá kù díẹ̀ kí wọ́n kórè, ọwọ́ ti gbẹ pátápátá. Wọ́n fún wọn ní ìdánwò ọpọlọ nígbà tọ́wọ́ gbẹ, wọ́n sì tún fún wọn lẹ́yìn tí owó wọlé. Àgbẹ̀ kan náà, orí kan náà, owó ọdún kan náà. Èyí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ìkórè dára ju ti àkọ́kọ́ lọ gidigidi. Ọjọ́ tí owó wọlé nìkan ló yàtọ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ìṣirò owó ń gba àyè lórí bí áàpù tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ fóònù ṣe ń jẹ bátìrì. Ẹni náà ń kọ lẹ́tà fún oníbàárà, àmọ́ lábẹ́ ọkàn, "owó iná, ọjọ́ mélòó ló kù?" ń lọ. Á gbàgbé ohun tí wọ́n rán an, á ka ojú ìwé kan lẹ́ẹ̀mẹta, á sì ṣi owó san níbi tí kò yẹ. Ọ̀gá á ní kò mọ iṣẹ́.

Ní ti ara, tí ẹ̀rù bá bani, adrenaline àti cortisol, ìyẹn àwọn èròjà tí ara fi ń múra sílẹ̀ de ewu, á jáde sínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn á máa lù kìkì, iṣan á le. Fún ẹni tí ajá ń lé, oore ni. Àmọ́ ajá á rẹ̀ ẹ́, á padà; ọjọ́ tí gbèsè máa pé kì í padà lẹ́yìn èèyàn. Oorun ló kọ́kọ́ ń fara gbá a. Kì í sábà jẹ́ pé ẹni náà ò lè sùn rárá. Àárẹ̀ á gbé e lọ ní kíá, á wá ta jí láago mẹ́ta òru, á máa ka iye owó tó kù. Lẹ́yìn ìyẹn ni orí fífọ́, inú rírun, ìbínú tí kò nídìí, àti fóònù tó máa ń dojú dé lórí tábìlì kó má baà rí ẹni tó ń pè.

Tí oorun, oúnjẹ àti ìfẹ́ láti ṣe ohunkóhun bá dàrú fún ọ̀sẹ̀ méjì lérí ara wọn, ọ̀rọ̀ ti kọjá owó nìkan, ó ti di ti dókítà. Tí ọkàn bá ń sọ fún ẹnì kan pé ikú sàn jù, kò gbọ́dọ̀ dúró de ọ̀sẹ̀ méjì kankan: lọ́jọ́ náà gan-an ni kó sọ fún ẹnì kan, kó sì lọ sílé ìwòsàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ìsoríkọ́ àti àníyàn ń gba bílíọ̀nù 12 ọjọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ aráyé lọ́dún kan. Ẹni tó bá wà nínú rẹ̀ kì í ṣe òun nìkan.

Iṣẹ́ kejì

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe tí owó ò bá tó ni kí wọ́n fi iṣẹ́ mìíràn lé e. Ó lè gbani, àmọ́ ẹ ṣírò rẹ̀ dáadáa. Ká ní iṣẹ́ orí áàpù kan san 20 fún wákàtí márùn-ún. Mẹ́rin-mẹ́rin ni wákàtí kan, ó dáa. Ó wá ku owó epo àbí ọkọ̀, dátà, àti ohun tí áàpù yọ: ká ní ó jẹ́ 6. Ó ku 14. Wákàtí méjì tún wà tí ẹ fi ń dúró de iṣẹ́ àti èyí tí ẹ fi rìn lọ tẹ́ ẹ fi rìn bọ̀, tẹ́nì kankan ò san. 14 fún wákàtí méje: méjì-méjì ni. Ìdajì ohun tí wọ́n polówó. Ọ̀pọ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ kejì ò tíì ṣe ìyọkúrò yìí rí, torí pé owó tó wọlé ni wọ́n ń rí, owó tó jáde pọ̀ mọ́ ti ilé.

Ara náà ní òpin. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti ILO jọ gbé ìṣirò kan jáde: ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀, ewu rọpárọsẹ̀ rẹ̀ fi ìdá 35 nínú 100 ju ti ẹni tó ń ṣe wákàtí 35 sí 40 lọ, ewu pé kí àrùn ọkàn pa á sì fi ìdá 17 ga sí i. Àwọn tí irú iṣẹ́ àṣejù bẹ́ẹ̀ pa lọ́dún 2016 tó 745,000. Ẹ fi wákàtí iṣẹ́ àkọ́kọ́ ro wákàtí iṣẹ́ kejì kí ẹ tó gbà á, kí ẹ sì ka ti ìrìn mọ́ ọn.

Bí wọ́n ṣe ń dí àlàfo náà

Ìmọ̀ràn tó wọ́pọ̀ jù ni pé kéèyàn fi owó oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà pamọ́. Ẹni tí òrùlé ń jò lé lórí, pẹ́tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ń ní kó kọ́. Ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ dí ni fífẹ̀ àlàfo tirẹ̀ gan-an. Ẹ wo oṣù mẹ́fà tó kọjá: ọjọ́ mélòó ni owó pẹ́ jù? Ká ní ọjọ́ 9 ni, ohun tí ẹ ò lè ṣe aláìná lójúmọ́ sì jẹ́ 4. Owó 36 lẹ ń wá. Kì í ṣe oṣù mẹ́fà. Ẹni tó bá ti ní 36 yẹn níbi tí ọwọ́ ò ti lè ṣèèṣì kàn án ò tún ní í ṣí áàpù nítorí pé ẹni tó ń buwọ́ lùwé rìnrìn àjò.

Fún ẹni tí iye tó ń wọlé fúnra rẹ̀ ń yí padà, ẹ̀tàn ni kó fi àròpín ṣe ètò ìnáwó. Ẹ wo oṣù mẹ́fà yìí: 90, 140, 60, 110, 75, 125. Àròpín wọn jẹ́ 100. Tó bá ní 100 lòun ó máa ná, oṣù àkọ́kọ́ gan-an ló ti máa yá 10. Tó bá fi 75 ṣe owó oṣù ara rẹ̀, tó sì tọ́jú èyí tó lé, lẹ́yìn oṣù kejì ó ti ní 80 nípamọ́. Oṣù kẹta tó jẹ́ 60 á yọ 15 níbẹ̀, 65 á kù. Títí dé oṣù kẹfà kò ní yáwó lẹ́ẹ̀kan, 150 á sì wà nílẹ̀. Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ ni tí oṣù 60 bá ló kọ́kọ́ dé, nígbà tí kò tíì sí nǹkan kan nípamọ́. Oṣù tí owó pọ̀ ló yẹ kéèyàn bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ìgbà yẹn gan-an ni kì í sì í sábà wu èèyàn.

Ohun kan tí kò náni lówó, tí àwọn èèyàn kì í sì í ṣe: ẹ kọ ọjọ́ sílẹ̀, kì í ṣe iye. Ìwé kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ọjọ́ tí owó ń wọlé lápá kan, ọjọ́ tó ń jáde lápá kejì. Ọ̀pọ̀ ló máa rí i pé gbèsè àti owó iná jọ bọ́ sí ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú owó oṣù. Ẹ pè wọ́n, kí ẹ ní kí wọ́n bá yín sún ọjọ́ ìsanwó sí ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn owó oṣù. Àwọn ilé iṣẹ́ kan máa ń gbà, àmọ́ ẹ ní láti bèèrè. Níbi tí báńkì bá ti ń yọ owó fúnra rẹ̀, ẹ má ṣe gbójú fo èyí rárá: tó bá wá yọ ọ́ lọ́jọ́ tí àpò ṣófo, ìtanràn lè jẹ́ méjì, ti báńkì àti ti ẹni tó ń gbowó.

Ṣáájú ọjọ́ ìsanwó ni kí ẹ pe ayánilówó, ẹ má dúró dẹ̀yìn rẹ̀. Ṣáájú, ẹni tó fẹ́ san ni yín lójú rẹ̀. Lẹ́yìn, wọ́n ti kọ yín mọ́ àwọn tó ń sá. Ẹ má ṣe ìtàn gígùn. "Mo jẹ yín 100 lọ́jọ́ 12. 40 ló máa wà lọ́wọ́ mi. Mo fẹ́ san 40 lọ́jọ́ 12, kí n san 60 lọ́jọ́ 29. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi tí ẹ bá gbà." Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ṣe kókó, ẹni tó gbọ́ yín lórí fóònù lónìí lè máà sí níbẹ̀ lọ́la. Ẹ má sì ṣe ṣèlérí iye tí ẹ ò ní, torí àdéhùn kejì tó bá yẹ̀ ló ń mú wọn le.

Tí gbèsè bá pọ̀, èyí tó lè lé yín nílé, tó lè pa iná tàbí tó lè gba ohun èlò iṣẹ́ yín ló ṣáájú, kódà bí kò bá ní èlé. Nínú àwọn tó kù, ìṣirò ní kí ẹ kọjú sí èyí tí èlé rẹ̀ ga jù. Ṣùgbọ́n Qiyan Ong, Walter Theseira àti Irene Ng gbé nǹkan kan jáde lọ́dún 2019 tó mú ọ̀rọ̀ náà tún dùn. Ní Singapore, àjọ aláàánú kan bá àwọn aláìní san gbèsè. Àwọn olùwádìí wo àwọn 196 nínú wọn. Ọkàn wọn balẹ̀ sí i, orí wọn sì ṣiṣẹ́ sí i, ṣùgbọ́n ohun tó ṣe é ju iye owó tí wọ́n bá wọn san lọ ni iye ojú gbèsè tó parí. Ẹni tí wọ́n bá pa gbèsè mẹ́ta rẹ́ fún rí ìtura ju ẹni tí wọ́n fi owó kan náà dín gbèsè ńlá kan kù. Èrò tèmi ni pé tí gbèsè kékeré kan bá wà tí owó oṣù kan lè pa rẹ́, ẹ pa á ná, bí èlé rẹ̀ ò bá tiẹ̀ ga jù; lẹ́yìn ìyẹn kí ẹ wá tẹ̀ lé èlé.

Gbogbo èyí ní ibi tó mọ. Ẹni tí owó oṣù rẹ̀ ò kájú ilé àti oúnjẹ, ìwé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ò lè sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹni tó ń sanwó náà ní ẹrù tirẹ̀ níbẹ̀. Lọ́dún 2017, Oregon ní Amẹ́ríkà di ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́ níbẹ̀ tó ṣòfin pé àwọn iléeṣẹ́ ńlá tó ń ta ọjà, tó ń ta oúnjẹ tàbí tó ń gba àlejò gbọ́dọ̀ sọ àkókò iṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ṣáájú: ọjọ́ méje ni lákọ̀ọ́kọ́, ó di ọjọ́ 14 lọ́dún 2020. Tí wọ́n bá yí i padà lẹ́yìn ìyẹn, owó àfikún wà tí wọ́n máa san. Níbi tí irú òfin bẹ́ẹ̀ ò bá sí, àdéhùn iṣẹ́ nìkan ló kù, kí ẹ sì wá ọjọ́ ìsanwó nínú rẹ̀ kí ẹ tó wo iye owó.

Bí ọjọ́ náà ò bá sí nínú ìwé, ẹ má kọ́kọ́ bi ọ̀gá. Ẹ wá ẹnì kan tó ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kí ẹ bi í pé lóṣù tó kọjá, ọjọ́ wo lowó wọlé, lóṣù tó ṣáájú ìyẹn ńkọ́?